Suhail Méjì Kì Í Ṣe Ẹnì Kan

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Zùwáírátù ti wẹ̀, ó ti mu ẹ̀kọ, ó sì ti jókòó sí pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Agbowó. Ó ń kọ́ ohun tí àwọn arìnrìnàjò máa ń wí ní Mẹ́kà láti inú fóònù. Bí ohùn inú fóònù bá wí i lẹ́ẹ̀kan, ìyá á wí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó sì ti ń retí ọdún yìí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Islamiyat," ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, "ṣé mo pè é dáadáa?"

"Ẹ pè é ju èmi lọ, Ìyá."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mo fẹ́ràn ìyá yìí. Ẹ̀yin náà á fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Suhail, ọmọ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge níbi tó ti ń tún firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọdún mẹ́fà ló fi kó owó Mẹ́kà ìyá rẹ̀ jọ. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó arìnrìnàjò lọ sí Mẹ́kà máa gba owó kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì san tirẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ta ni ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọdún tó ń bọ̀?

Ní aago mẹ́wàá, Suhail nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbé fóònù, ó fi owó náà ránṣẹ́. Kò lọ. Ó tún un ṣe, kò lọ. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù kọ̀wé sí i pé kí ó lọ bá báǹkì rẹ̀. Ó wá ní kí òun fi káàdì ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, káàdì náà ò ṣiṣẹ́. Suhail ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Dùgbẹ̀.

Ní báǹkì, akọ̀wé tó wà lórí káńtà wo kọ̀ǹpútà, ó wo Suhail, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó mú un gòkè lọ sí yàrá kékeré kan. Obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ọlárónkẹ́ Ògúnjìmí. Ọmọ Ṣakí ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa ṣọ́ báǹkì kí ó má rú òfin. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé agbára kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù, gíláàsì rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ẹ̀sùn."

"Kí ló dé tí àkáǹtì mi ò ṣiṣẹ́?"

"Ìwé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ayé fòfin dè sí. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa bá wọn ṣòwò tàbí kó bá wọn gbé owó. Láàárọ̀ yìí, wọ́n fi orúkọ tuntun kún un. Orúkọ kan nínú rẹ̀ jọ tiyín: Suhail Busari. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà sì bá tiyín mu, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1979. Nítorí náà ni a fi dá àkáǹtì yín dúró títí a ó fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni tàbí ẹ̀yin kọ́."

"Kí ni ẹni yẹn ṣe?"

"Àwọn agbésùnmọ̀mí ni wọ́n ní ó ń bá ra ìbọn."

Suhail fò dìde. "Èmi! Èmi tí mò ń fa gáàsì sí firíìjì! Èmi tí n kò pa ẹran ọdún fúnra mi rí, alápatà ni mò ń pè!"

"Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ gba ìwé yìí. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú wá sí i. Bí ẹ bá mú wọn wá lónìí..."

Suhail kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ó já ìwé náà gbà, ó rún un bọ àpò, ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ni wọ́n máa pè ní agbésùnmọ̀mí lọ́jọ́ Ajé tí orí rẹ̀ kò ní gbóná? Àmọ́ àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì ń bọ̀ wá sílé fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Surajudeen lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Suhail ni, ó ń ta táìlì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní Ring Road. Kò sí ọ̀rọ̀ tí Surajudeen kì í ní ìmọ̀ràn fún, kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán pàápàá.

"Àwọn òyìnbó ni!" ó pariwo nínú pálọ̀. "Àwọn ló ń bára wọn jà. Kí ló kan báǹkì Dùgbẹ̀ nínú ìjà òyìnbó? Suhail, gbọ́ mi. Ṣebí o ní orúkọ mìíràn?"

"Àwọn ẹbí Ìyá ń pè mí ní Akínbíyìí."

"Ó parí! Bàbá wa àgbà sì ń jẹ́ Ọlánípẹ̀kun. Lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́la, lọ búra pé o ti pa orúkọ dà. Akínbíyìí Ọlánípẹ̀kun. Gbé e sínú ìwé ìròyìn, ṣí àkáǹtì mìíràn ní báǹkì mìíràn. Kó tó dìgbà náà, jẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ máa san owó rẹ sínú àkáǹtì tèmi. Obìnrin inú báǹkì yẹn náà, fún un ní nǹkan kó fi ra omi mu. Wàá rí i bí ọ̀rọ̀ á ṣe rọ̀."

Ìyá Zùwáírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ," ó ní, "bàbá rẹ̀ ló mú Suhail wá. Ó ní ìràwọ̀ kan ń bẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń mọ́lẹ̀ rekete. Ṣé orúkọ náà ti wá di ohun ìtìjú ni?"

Surajudeen wúkọ́. Suhail wo ilẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kọ́ọ̀tù náà ló lọ. Ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì ló ń bà á. Ó búra, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó gba ìwé. Ìgbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti múra kalẹ̀ de Ọjọ́rú, ó ti yọ bàtà tó ń wọ̀ lọ sóde sílẹ̀.

"A jọ ń lọ sí báǹkì lọ́la ni," ó ní.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Òòrùn á pa yín."

"Òòrùn Mẹ́kà ni mò ń múra sílẹ̀ fún, o wá ń fi ti Dùgbẹ̀ dẹ́rù bà mí."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jókòó sí iwájú Ọlárónkẹ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Suhail fa ìwé kọ́ọ̀tù yọ. Ó tún fi àpòòwé kékeré kan lé e lórí, ó sì tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ta ayò.

Ọlárónkẹ́ kò tiẹ̀ fọwọ́ kan àpòòwé. "Ẹ kọ́kọ́ mú èyí, sà, kí ẹ dá a padà sápò yín. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ yín lónìí, ẹni tí wọ́n ń wá gan-an á fi ìlọ́po ogún irú rẹ̀ wá lọ́la. Kí ni màá wá sọ fún un? Pé tiyín nìkan ni mò ń gbà?"

Ó wá ka ìwé kọ́ọ̀tù. Ó kà á tán, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì.

"Ṣé ẹ ti mú ìwé yìí lọ sí báǹkì kankan?"

"Rárá. Ibí ni mo kọ́kọ́ mú un wá."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ má mú un lọ síbì kankan o. Sà, ẹni tó wà nínú ìwé yẹn, orúkọ márùn-ún ló ní. Bí wọ́n bá ti fẹ́ bá a ló ń pa orúkọ dà, tó ń ṣí àkáǹtì tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìwà rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ lọ hù yẹn. Bí ẹ bá sì fi àkáǹtì ẹlòmíràn gbowó ní àkókò tí wọ́n dá tiyín dúró, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ti òun náà ni."

Òógùn bo Suhail, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà.

"Ọmọ mi," Ìyá Zùwáírátù ní, "ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan sọ pé ìjà òyìnbó ni. Ta ló tiẹ̀ kọ ìwé yìí, báwo ló sì ṣe rìn títí tó fi dé Ìbàdàn?"

Ọlárónkẹ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó hàn pé ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn.

"Ìyá, ṣé ẹgbẹ́ onílé wà ní àdúgbò yín?"

"Ó wà. Suhail ni igbákejì akọ̀wé wọn."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn olè ń yọ Agbowó lẹ́nu. Ẹgbẹ́ onílé wá pàdé, wọ́n ní kí ilé kankan má gba lágbájá sílé, kí ẹnikẹ́ni má bá a pa owó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta àdá fún un. Ta ló máa ti géètì ilé yín mọ́ ọn?"

"Àwa náà ni."

"Ẹgbẹ́ onílé ò ní wá bá yín tì í?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi tì í?"

"Bí ti ayé náà ṣe rí nìyẹn, Ìyá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ẹgbẹ́ onílé. Ìgbìmọ̀ Ààbò wọn ló máa ń pinnu pé kí ayé má bá lágbájá ṣòwò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta ìbọn fún un, kí wọ́n má jẹ́ kó wọ bàálù. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò ní ọlọ́pàá ní Dùgbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa fi òfin tirẹ̀ ti géètì tirẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ sọ pé àdéhùn tí a bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò tíì di òfin lórí wa, àfi bí àwọn aṣòfin wa ní Abuja bá sọ ọ́ di òfin. Wọ́n sì ti ṣe é. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣe òfin tó de ìwà ìgbésùnmọ̀mí. Òfin yẹn ló gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti máa mójú tó ìwé orúkọ náà. Òun ló ní kí báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, láì fi falẹ̀ rárá, kí a sì fi tó ìjọba létí."

"Kí ni ìdí tí ẹ kò fi lè dúró di ọ̀la, kí ẹ kọ́kọ́ bi wá?" Suhail béèrè.

"Nítorí pé wákàtí kan péré ni olówó burúkú nílò, sà. Tẹ fóònù báyìí, owó ti lọ. Ó ti di ìbọn. Àwọn ìbọn wọ̀nyẹn, ta ni wọ́n máa ń yìn wọ́n sí? Kì í ṣe àwọn òyìnbó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn wa ń rí lójú ọ̀nà àti lóko."

Kí n sọ tèmi síbẹ̀: ìgbà tí mo gbọ́ àlàyé yìí ni orí mi wú. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n kàn ń pàṣẹ fún wa láti òkèèrè ni. Àṣé géètì wa ni, kọ́kọ́rọ́ wa ni, ọmọ Ṣakí ló sì ń ṣọ́ ọ.

"Àmọ́ òfin náà mọ̀ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," Ọlárónkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìdí nìyẹn tó fi ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí orúkọ nìkan bá kó o sí wàhálà. Kí ó mú ẹ̀rí wá. Ìwé tí mo fún yín lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, sà?"

Suhail fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló wà," Ìyá Zùwáírátù ní. "Nígbà tí ẹni tó ni ín kò kà á, mo ní kí Islamiyat kà á sí mi létí. Ohun àkọ́kọ́ tí o kọ síbẹ̀ ni ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Suhail, ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí ọ?"

Suhail rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ìgbà tí mo fẹ́ gba ìwé ọjọ́ orí ni. Akọ̀wé ní ọjọ́ wo, mo ní n kò mọ̀, mo ní wọ́n sọ pé nígbà ọyẹ́ ni. Ó ní kí n fojú bu ọdún kan. Mo ní 1979. Òun ló kọ ọjọ́ kìíní síbẹ̀."

"Ìgbà ọyẹ́! Èmi tí mo bí ọ wà nílé, o lọ ń bi akọ̀wé léèrè ọjọ́ tí mo rọbí." Ìyá na ọwọ́ sínú báàgì, ó yọ ike kan, ó yọ ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú ike, ó sì yọ káàdì kan tó ti pọ́n nínú ìwé ìròyìn. "Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1978. Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, ó kọ orúkọ mi, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ìwọ ni kóo kà á, ọmọ mi, ojú rẹ dáa."

Ọlárónkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì náà. Ó kà á, ó gbé e sún mọ́ iná, ó tún un kà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè fi pamọ́.

"Ìyá, ẹ kú ìpamọ́! Ó lé ní ogójì ọdún!"

"Ọmọ ni mo bí, kì í ṣe pé mo rí i he."

Ọlárónkẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ya àwòrán káàdì náà. Ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ Suhail, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ìwé ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún firíìjì ṣe, tí Ìyá ti kó sínú báàgì náà. Ó ṣàlàyé pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni Suhail kejì, pé orúkọ bàbá rẹ̀ yàtọ̀, pé ojú inú fọ́tò wọn kò jọra rárá. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn tó ń sọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún akọ̀wé nítorí pé wọn kò mọ ọjọ́ ìbí wọn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní ní ibí yìí, àti bóyá ní ibi tí ẹni kejì náà ti wá. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abuja.

"Ṣé ẹ kò lè kàn ṣí i báyìí?" Suhail bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti rí i pé èmi kọ́."

"Mo ti rí i, sà. Àmọ́ nígbà tí a ti fi tó ìjọba létí, a ò lè fi ẹnu lásán ṣí i. Màá máa pè wọ́n. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò sí ìròyìn. Suhail ò lè ṣiṣẹ́. Oníbàárà kan gbé firíìjì wá, ó fa gáàsì sí i tán kó tó rí i pé wáyà iná ló já. Surajudeen pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀ ń kọ́ àdúrà rẹ̀ lọ nínú pálọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì mì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù Suhail dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọlárónkẹ́ ni. Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀yin kọ́. Àkáǹtì yín ti ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ìyá ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn."

Suhail fi ránṣẹ́. Ó lọ. Ó jókòó sórí kọ̀ǹpẹ́sọ̀ firíìjì kan tó ti bàjẹ́, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí báǹkì bá dá àkáǹtì yín dúró nítorí orúkọ, ẹ má bínú jáde. Ẹ jókòó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ kà á, kí ẹ sì tètè mú un wá. Ẹ má pa orúkọ dà láti sá fún òfin, ẹ má gba owó yín gba inú àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní tiyín, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ má fi rìbá lọ ẹnikẹ́ni, torí ilẹ̀kùn tí rìbá bá ṣí fún yín, ó ṣí sílẹ̀ fún apani náà nìyẹn. Bí báǹkì bá yanjú tirẹ̀ tì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó wà ní Abuja, ẹ sì lè mú agbẹjọ́rò. Bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ kọ gbogbo orúkọ yín tán, ti ẹ̀sìn àti ti Yorùbá, kí ẹ sì bi ìyá yín léèrè ọjọ́ tó bí yín nígbà tí ìyá yín ṣì wà láti dáhùn. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò bá péye, kó lọ tún un ṣe ní ọ̀nà tó tọ́, bí Suhail ṣe ń ṣe báyìí. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí fún yín. Nígbà tí ìrìnàjò ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Zùwáírátù tún gòkè lọ sí yàrá kékeré yẹn ní Dùgbẹ̀. Kò mú ẹ̀bùn dání. Ó ti mọ̀ pé wọn kò ní gbà á. Bébà kan àti bíírò ló gbé síwájú Ọlárónkẹ́.

"Kọ orúkọ rẹ fún mi, ọmọ mi. Mo fẹ́ dárúkọ rẹ nínú àdúrà ní òkè Arafá, ní Mẹ́kà."

Ojú Ọlárónkẹ́ kún fún omi. "Ìyá, ẹ ṣeun o. Àmọ́ Onítẹ̀bọmi ni mí."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè ṣọ́ọ̀ṣì ni? Orúkọ ni mo ní kóo kọ."

Ọlárónkẹ́ kọ ọ́. Ìyá gbà á, ó wò ó, ó mi orí, ó sì dá bébà náà padà.

"Kò tíì tó. Fi orúkọ bàbá rẹ sí i, kóo fi ti ìyá rẹ sí i, kóo kọ Ṣakí sí i, àti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ gan-an. Àwọn Rónkẹ́ pọ̀ láyé, mi ò sì fẹ́ kí àdúrà mi yà sílé onílé."